Ẹ́tánọ́ọ̀lù tàbí bẹntiróòlù: Ìṣirò tó yẹ kí ẹni tó fi mọ́tò tọ́bò ṣòwò ṣe kó tó ra epo

Ní orílẹ̀-èdè Brazil, fáńfù oríṣi méjì ló máa ń dúró de ẹni tó bá wa mọ́tò wọ ilé-epo. Ọ̀kan ń ta bẹntiróòlù, èkejì ń ta ẹ́tánọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí líle tí wọ́n fi ìrèké ṣe. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ògógóró, àfi pé tibẹ̀ le ju èyí tí ẹnikẹ́ni lè gbé sẹ́nu lọ. Owó ẹ́tánọ́ọ̀lù sábà máa ń wálẹ̀ ju ti bẹntiróòlù lọ lójú pátákó, ẹni tó bá sì jẹ́ pé owó orí pátákó nìkan ló ń wò, ìdí fáńfù ẹ́tánọ́ọ̀lù ni yóò máa sáré lọ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n awakọ̀ takisí tó mọṣẹ́ rẹ̀, àti ẹni tó ń gbé búrẹ́dì kiri fún àwọn oníbàárà, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣírò ná.

Ohun tó fà á ni pé lítà ẹ́tánọ́ọ̀lù kan kò lágbára tó lítà bẹntiróòlù kan. Bí wọ́n bá wọn agbára tó wà nínú lítà bẹntiróòlù tí kò ní àbùlà, ó máa ń tó mẹgajúùlù 32. Ẹ́tánọ́ọ̀lù tí wọ́n ń tà ní fáńfù Brazil, tí omi díẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, kò ju bíi 20 lọ. Bẹntiróòlù ibẹ̀ pàápàá kì í sì í ṣe ògidì. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni ìjọba ti ní kí wọ́n máa fi ẹ́tánọ́ọ̀lù ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lú u, ìdá 27 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Èyí ló mú kí agbára lítà kan rẹ̀ wá sí bíi 29. Ẹni tó bá fi 20 wé 29 yóò rí i pé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni, ó dín díẹ̀. Òfin tí àwọn onímọ́tò ibẹ̀ mọ̀ sórí kò sì jìnnà sí i: bí owó ẹ́tánọ́ọ̀lù bá ti kọjá ìdá 70 owó bẹntiróòlù, kí èèyàn yáa ra bẹntiróòlù.

Ká ní ẹnì kan ń fi mọ́tò gbé búrẹ́dì kiri ní São Paulo, tó ń rin kìlómítà 100 lóòjọ́. Lítà bẹntiróòlù kan ń gbé e dé kìlómítà 12, lítà ẹ́tánọ́ọ̀lù kan ń gbé e dé 8.4. Ká ní owó bẹntiróòlù jẹ́ réàlì 6, ti ẹ́tánọ́ọ̀lù sì jẹ́ réàlì 4.50. Bó bá ra bẹntiróòlù, réàlì 50 ni yóò ná lọ́jọ́ náà. Bó bá ra ẹ́tánọ́ọ̀lù tó dà bíi pé ó pọ̀ jù lọ lójú owó, réàlì 53.57 ni. Ó ti pàdánù réàlì mẹ́ta àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú rẹ̀ ń dùn pé òun ra ọjà pọ́ọ́kú. Bó bá fi ọjọ́ 26 ṣiṣẹ́ lóṣù, ó ti sún mọ́ réàlì 93. Ṣùgbọ́n bí ẹ́tánọ́ọ̀lù bá wálẹ̀ sí réàlì 3.90, èrè ni iye kan náà yóò dà sí i lápò.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń fi epo dán àwọn ará Brazil wò. Ọdún 1975, lẹ́yìn tí owó epo rọ̀bì ti gbẹ́nu sókè kárí ayé, ni ìjọba wọn dá ètò Proálcool sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1979, ilé-iṣẹ́ Fiat ti gbé mọ́tò 147 tó ń lo ẹ́tánọ́ọ̀lù nìkan jáde. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, àsìkò kan wà tó jẹ́ pé mọ́tò bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù nínú mọ́tò tuntun tí wọ́n ń tà. Àfi bí ẹ́tánọ́ọ̀lù ṣe ṣọ̀wọ́n nígbà tí ọdún mẹ́wàá náà ń parí lọ, tí àwọn tó ra mọ́tò ọlọ́tí wá ń tò sílé-epo bí ẹni tó ń dúró de omi ẹ̀rọ. Ojú àwọn èèyàn já a. Ọdún 2003 ni Volkswagen tó gbé Gol Total Flex dé, mọ́tò tó ń mu epo méjèèjì, tí èèyàn sì lè lú wọn pọ̀ nínú táǹkì kan bó ṣe wù ú. Láti ìgbà náà ni agbára láti yan ti bọ́ sọ́wọ́ onímọ́tò fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá gba ibòmíràn yọ bí mọ́tò bá ní tọ́bò. Tọ́bò ni fáànù kékeré tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń yí, tó ń ki afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì ju ìwọ̀n tí ẹ́ńjìnnì lè dá fà lọ. Òun ni wọ́n fi ń rí agbára ńlá lára ẹ́ńjìnnì kékeré. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá ń ki báyìí máa ń gbóná. Ẹni tó bá ti fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí á mọ bí ìdí pọ́ǹpù náà ṣe máa ń gbóná. Bí ooru náà bá pọ̀ jù, epo á gbiná nínú ẹ́ńjìnnì kí àsìkò rẹ̀ tó pé, ẹ́ńjìnnì á sì máa dún kọ́kọ́kọ́. Bó bá pẹ́ níbẹ̀, písítìnnì á fọ́. Kí ìyẹn má baà ṣẹlẹ̀, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bíréènì bọ́ọ̀sì, á rọra dín agbára kù.

Ibí ni ẹ́tánọ́ọ̀lù ti lọ́lá. Gbogbo ẹni tí nọ́ọ̀sì bá ti fi sípíríìtì nu lápá kó tó gún un lábẹ́rẹ́ ló mọ̀ pé ọtí máa ń tutù lára bó bá ń gbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń fa ooru kúrò lára afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì, ju ìlọ́po méjì bẹntiróòlù lọ ní kìlógíráàmù sí kìlógíráàmù. Yàtọ̀ sí èyí, kì í tètè gbiná kí àsìkò tó tó. Nọ́ńbà ọkitéènì rẹ̀ kọjá 100 dáadáa, nígbà tí bẹntiróòlù tí gbogbo èèyàn ń rà ní Brazil ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 93. Nítorí náà, bíréènì bọ́ọ̀sì kì í fi bẹ́ẹ̀ fa tọ́bò sẹ́yìn. T-Cross oní-tọ́bò lítà kan tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Brazil lọ́dún 2019 ń ní agbára ẹṣin 116 lórí bẹntiróòlù, 128 lórí ẹ́tánọ́ọ̀lù. Mọ́tò kan náà ni, ẹ́ńjìnnì kan náà ni o.

Kí wá ni èyí já mọ́ lápò oníṣòwò? Agbára kì í ṣe owó. Ẹni tó ń rọra wa mọ́tò rẹ̀ láìrù ẹrù lójú títì tó tẹ́jú kò lè rí ìyàtọ̀ tó tó nǹkan, òfin ìdá 70 náà ṣì ni tirẹ̀. Ẹni tó di ẹrù, tó ń gun òkè, tó ń fi tọ́bò ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ni àǹfààní ọ̀hún lè kàn, nítorí ibẹ̀ ni bẹntiróòlù ti máa ń fi agbára ṣòfò. Ó ṣeé ṣe kí ààlà tirẹ̀ ju 70 lọ díẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó lè fi mọ̀ ni pé kó wọ̀n ọ́n: kó kún táǹkì títí fáńfù yóò fi já, kó kọ nọ́ńbà kìlómítà sílẹ̀, kó ṣiṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó tún kún un, kó fi lítà tó wọlé pín kìlómítà tó rìn. Kó ṣe é fún epo méjèèjì lórí iṣẹ́ kan náà. Bí gbígbé búrẹ́dì yẹn bá fún un ní kìlómítà 8.76 lórí lítà ẹ́tánọ́ọ̀lù dípò 8.4, ìdá 73 ti di ààlà rẹ̀. Àlàyé orí ìwé kò lè sọ èyí fún un.

Àsìkò náà ní tirẹ̀ nínú. Láàárín gbùngbùn àti gúúsù Brazil, oṣù kẹrin sí ìkọkànlá ni wọ́n máa ń gé ìrèké jù, ìgbà náà ni ẹ́tánọ́ọ̀lù sì sábà máa ń rọjú. Owó máa ń lọ sókè kí ìkórè mìíràn tó dé. Ibi tí èèyàn wà náà ṣe pàtàkì: ní São Paulo, níbi tí ilé-iṣẹ́ ìrèké kún, ẹ́tánọ́ọ̀lù sábà ń gbe oníbàárà. Ní Bahia lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú ti fi orúkọ òrìṣà wa sílẹ̀, bẹntiróòlù ló sábà máa ń járe ìṣirò.

Àwọn kan wà tí wọn kì í fẹ́ gba ohun tí ilé-iṣẹ́ ṣe fún wọn. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àgbàdo ti jẹ́ olórí ohun tí wọ́n fi ń ṣe ẹ́tánọ́ọ̀lù, àwọn tó fẹ́ràn eré máa ń tún bíréènì bọ́ọ̀sì mọ́tò tọ́bò wọn ṣe kó lè máa lo E85, kí tọ́bò sì lè máa ki afẹ́fẹ́ sí i. Àwọn yìí ló yẹ kí wọ́n ṣọ́ra jù. Orúkọ epo náà ń pe 85, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí wọ́n gbà láyè wà láàárín ìdá 51 sí 83, ó sì máa ń dínkù nígbà òtútù. Ẹni tí kò fi ẹ̀rọ tó ń mọ ìwọ̀n ẹ́tánọ́ọ̀lù sára mọ́tò rẹ̀ lè máa fi 51 ṣe iṣẹ́ 83. Bó bá sì wá fi bẹntiróòlù lásán sínú mọ́tò tí wọ́n ti tún ṣe fún E85, láìdá ìtúnṣe náà padà, písítìnnì rẹ̀ lè má ri ọjọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ ni fáńfù inú táǹkì àti nọ́súlù gbọ́dọ̀ lè gbé epo tó fi bí ìdá 30 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ sí i. Rọ́bà àtijọ́ kì í bá ọtí rẹ́. Á máa wú, á sì máa jò.

Ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò kan jáde lọ́dún 2007 pé kí wọ́n máa fi ẹ́tánọ́ọ̀lù ìdá 10 lú bẹntiróòlù, ṣùgbọ́n fáńfù ẹ́tánọ́ọ̀lù kò tíì di ohun tí èèyàn ń rí nílé-epo. Síbẹ̀, mọ́tò tó lè mu ún ti pọ̀ nínú tòkúnbọ̀ tó ń ti Amẹ́ríkà wọ Èkó àti Kùtọnu. Ọ̀pọ̀ wọn ní ìdérí epo aláwọ̀ yẹ́lò tàbí àmì FlexFuel lára. Àmì náà kò dí bẹntiróòlù lọ́wọ́ rárá, kò sì yẹ kí oníṣòwò san owó lé e torí rẹ̀. Mọ́tò tọ́bò tí kò ní àmì náà ni ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ da ọtí sí lọ́nàkọnà. Àwọn tó ra epo ní oṣù kejì ọdún 2022 kò ní í gbàgbé bí bẹntiróòlù tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ ṣe wọlé, tí wọ́n fi ń kó o kúrò lọ́jà, tí ìlà sì gùn lọ títí.

Bí wọ́n bá kọ 91 sára ìdérí tòkúnbọ̀ tọ́bò láti Amẹ́ríkà, ìṣirò tiwọn ni. Ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kà á ní Europe, 91 yẹn tó 95 tàbí 96, kí ẹni tó fẹ́ rà á bi mẹkáníìkì rẹ̀ léèrè èyí kó tó sanwó.