Ẹ̀yin Ọmọ Tó Fẹ́ Kọ́ṣẹ́ Fíríìjì àti Éésì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá fẹ́ máa tún fíríìjì àti éésì ṣe, iṣẹ́ iná ni kó kọ́kọ́ mọ̀. Ọ̀pọ̀ éésì tí wọ́n ní gáàsì rẹ̀ ti tán, kapásítọ̀ rẹ̀ ló bàjẹ́. Kódà lẹ́yìn tí ẹ ti pa iná, kapásítọ̀ ṣì lè gbé èèyàn; ẹ yọ iná inú rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Gáàsì kì í jó tán bí epo mọ́tò. Bó bá dín, ó ń jò níbì kan. Ẹ wá ojú ibẹ̀, ẹ jó o dí, ẹ fi páǹpù fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú páìpù jáde, kí ẹ tó fi òmíràn sí i. Ọ̀gá tó bá ń fo èyí, àbọ̀ iṣẹ́ ló ń kọ́ yín. Gáàsì R-600a tó wà nínú ọ̀pọ̀ fíríìjì tuntun máa ń gbiná: ẹ má fi iná jó páìpù rẹ̀ nígbà tí gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀, mo bẹ̀ yín. Ẹ má sì tú gáàsì R-22 sínú afẹ́fẹ́. Ó ń ba òsóònù jẹ́, ìdí nìyẹn tí àdéhùn Montreal ti ọdún 1987 fi ń lé e kúrò lọ́jà.

Bí ẹ bá ṣe fírídọ́ọ̀mù tán, ẹ lọ ṣe trade test ìjọba. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń bèèrè kí wọ́n tó gbani síṣẹ́.