Ohùn Gba Ọ̀nà Tuntun

Bí ọmọ yín bá pè yín lórí WhatsApp láti òkè òkun, ẹ rántí Marian Croak, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà.

Ní 1955 ni wọ́n bí i. Nígbà tó wà lọ́mọdé, bí púlọ́ńbà tàbí oníṣẹ́ iná bá wá sílé wọn, á máa tẹ̀ lé wọn kiri, á máa wo ọwọ́ wọn.

Ní 1982 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Bell Labs. Wáyà tẹlifóònù ni ohùn ń gbà nígbà náà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ọ̀nà tí ohùn yóò fi máa gba orí íntánẹ́ẹ̀tì dáadáa. Ẹ̀rọ á gé ohùn sí wẹ́wẹ́, á fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ kejì á tún un tò pọ̀ kíákíá. Àwọn kan rò pé eré ọmọdé ni. Kò wò wọ́n.

Ní 2022 wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn olùdásílẹ̀ ńlá Amẹ́ríkà.

Abéèrè kì í ṣìnà. Kí àgbà má ṣe tijú láti béèrè.

Ìbéèrè: Kí ni ẹ̀rọ ń ṣe sí ohùn kó tó fi í ránṣẹ́?