Kí Ọ̀dọ́ Tó Díje fún Ìgbìmọ̀ Omi Àdúgbò

Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń yan àwọn tó ń darí Iléeṣẹ́ Omi Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tó ń fa omi Elẹ́yẹlé, ìsédò ọdún 1942, àti ti Aṣẹ́jírè wọ Ìbàdàn. Ibi tí ọ̀dọ́ ti lè gba ìbò ni ìgbìmọ̀ omi tí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò bá gbé kalẹ̀ láti bójú tó kànga ẹ̀rọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ọmọ Àgbowó tàbí Bódìjà á ṣèlérí omi ẹ̀rọ fún gbogbo ojúlé. Ìlérí yẹn ju agbára ìgbìmọ̀ lọ. Kí ọmọ wa tó fẹ́ díje kọ́kọ́ wádìí iye tí epo jẹnẹrétọ̀ ń gbà, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ohun tó ń ba pọ́ǹpù jẹ́. Kí ó san owó àdúgbò tó bá jẹ. Àwọn àgbà kì í fi owó ìlú lé ajigbèsè lọ́wọ́. Kí ó kí wọn láti ilé dé ilé, kí ó sì jókòó pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń pọnmi, nítorí àwọn ló mọ wákàtí tí omi ń yọ. Èyí ṣe pàtàkì ju pósítà lọ.

Bí ó bá wọlé, kí ó máa ka owó tó wọlé àti èyí tó jáde sétí ìpàdé lóṣooṣù.