Adìẹ Dídì Níbi tí Iná Kì í Dúró

Àwọn àgbà pe ẹja dídì ní òkú Èkó. Ṣùgbọ́n kòkòrò àìlèfojúrí inú ẹran dídì kì í sábàá kú, sísùn ni ó ń sùn. Bí adìẹ bá yọ́, kòkòrò jí. Láti Akínyẹlé dé Ọ̀nà-Àrà, níbi tí iná mànàmáná ti ń ṣe ségesège, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn. Bí iná bá lọ, kí a má ṣí fìrísà: èyí tí ó kún dẹ́múdẹ́mú lè pa òtútù mọ́ fún nǹkan bí wákàtí 48, èyí tí ó kún dé ìdajì, 24. Adìẹ tí yìnyín ṣì wà lára rẹ̀ ṣeé dá padà. Èyí tí ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju wákàtí méjì lọ, dídànù ni, bí ó tilẹ̀ dunni. Dídì lẹ́ẹ̀kejì kò tún un ṣe.