Ta Ló Ni Àáké?

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ọ̀gá kan ló pa òwe yìí fún ọmọ IT rẹ̀, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ fún oṣù díẹ̀, lójú mi ní Ìbàdàn, inú sì ń bí mi títí di òní.

Ṣáàfù ẹ̀rọ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ń rin ẹ̀gẹ́ ló ti jẹ. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lathe gé irin, kí wọ́n lè bá wa ṣe òmíràn. Ọmọbìnrin kan ni mo bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà, tó di abọ́ àmàlà mẹ́ta mú. Aṣọ iṣẹ́ ọrùn rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí ẹ̀kán epo kan níbẹ̀. Wọ́n ní ọmọ ọdún kẹrin ni ní yunifásítì, pé ìmọ̀ ẹ̀rọ ló ń kọ́, àti pé oṣù karùn-ún rẹ̀ nìyẹn lọ́dọ̀ wọn.

Mo ní kó bá mi wo ohun tó ṣe ṣáàfù náà. Ó ṣàlàyé bí ìyípo ṣe ń fa irin ya, ó fi ìṣirò gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, mo sì gbádùn rẹ̀. Àfi ìgbà tí wọ́n na vernier, irin tí wọ́n fi ń wọn nǹkan, sí i pé kó fi wọ̀n ọ́n. Ó ń yí i síwá sẹ́yìn bí àpọ́n tí wọ́n gbé ọmọ ìkókó lé lọ́wọ́. Ọmọ iṣẹ́ kan tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀ gbà á, ó fi há irin, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sì sọ iye tó jẹ́ àti ibi tí béárìn ti jẹ ẹ́.

Mo bi ọmọbìnrin náà pé ṣé wọn kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ni. Ọ̀gá ló gba ọ̀rọ̀ náà sọ. "Alàgbà, ẹ sọ fún un kó ṣe sùúrù. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Ẹnu àáké wo? Wọn ò tíì jẹ́ kó rí èèkù àáké, ká tó wá sọ ti ẹnu rẹ̀!

Mo gba ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò, èyí tí wọ́n ń pè ní logbook. Lọ́jọ́ tó gbálẹ̀, ó kọ ọ́ pé òun kópa nínú ìtọ́jú ibi iṣẹ́. Lọ́jọ́ tó dúró wòran, ó ní àwọn gé irin. Ọ̀gá sì ti buwọ́ lù ú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. N kò bá ọmọ náà wí. Kí ni ẹ fẹ́ kó kọ, pé òun ra àmàlà?

Kì í ṣe pé ìjọba kò rò ó. Ọdún 1971 ni wọ́n dá ITF, àjọ tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́, sílẹ̀, nígbà tó sì di 1973, àjọ náà gbé SIWES, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣe IT, kalẹ̀, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ ń ráhùn pé ìwé nìkan ló wà lágbárí àwọn ọmọ tó ń jáde. Ó ti lé ní 50 ọdún báyìí, ìráhùn náà kò yí padà. Oṣù mẹ́fà ni akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì fi ń ṣe IT ní ọdún kẹrin rẹ̀.

Ẹ padà bá mi wo ọmọ iṣẹ́ tó gba vernier yẹn, nítorí òun gan-an ló là mí lójú. Òbí rẹ̀ ló mú un wá, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Lọ́dún kìíní, òun náà gbálẹ̀, ó ra àmàlà. Nígbà tó yá, ó gun orí ẹ̀rọ, ó ba irin oníirin jẹ́, ó ṣẹ́ ọ̀bẹ ẹ̀rọ, ìyẹn irin kékeré mímú tó ń bó irin, ó sì jẹ ìfọ́tí nídìí rẹ̀. Lọ́dún kejì, ọ̀gá ti lè lọ sí òde ìnáwó kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún un. Kó tó gba ìdáǹdè, gbogbo ọ̀bẹ tó ṣẹ́ ló ti fi òógùn rẹ̀ san padà, ó sì lé.

Ọmọ IT ńkọ́? Oṣù méjì ni yóò fi mọ orúkọ nǹkan. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń rọ̀ bọ̀ ni yóò palẹ̀ ẹrù mọ́. Ọ̀bẹ tó bá ṣẹ́, ọ̀gá ni yóò rà á. Iṣẹ́ tó bá mọ̀, ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Èkó tàbí ní Kánádà ni yóò jẹ èrè rẹ̀. Mo bínú sí ọ̀gá yẹn, mo ṣì ń bínú sí i, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé òwe rẹ̀ gan-an ni kò pé. Òwe náà gbà pé ẹni tó ni àáké ni yóò lá oyin. Bí àáké bá jẹ́ tèmi, tí oyin jẹ́ tìrẹ, èmi yóò wo ẹnu àáké mi dáadáa, n ó sì gbé e sókè àjà.

Owó tó yẹ kí wọ́n fi pọ́n àáké wà nínú òfin. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè, tàbí tó ń pa ₦50 mílíọ̀nù lọ́dún, gbọ́dọ̀ san ìdá 1 nínú 100 owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún ITF. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin náà ní 2011 sì ní kí wọ́n máa gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé fún IT. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí mò ń wí yìí, òun àti ọmọ iṣẹ́ méjì péré ni, òfin kò rí i. Akẹ́kọ̀ọ́ á dé ilé-iṣẹ́ tí òfin rí, wọ́n á ní àyè ti kún, á wá padà sọ́dọ̀ ẹni tí òfin kò rí.

Bí wọ́n bá fi mí ṣe ọ̀gá àgbà yunifásítì, iṣẹ́ tí n kò tọrọ, owó ọ̀bẹ ni n ó kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Owó epo mọ́tò tí olùkọ́ fi ń lọ wo akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó buwọ́ lùwé tó sì mu mínírà kúrò, á ra ọ̀bẹ. Ọ̀gá tó bá mọ̀ pé ẹnìkan yóò san owó ohun tó bàjẹ́ kò ní fi ọmọ mọ sí ìdí àmàlà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má dúró de ọdún kẹrin. Láti 1957 ni Yunifásítì Waterloo ní Kánádà ti ń pààrọ̀ sáà ìwé àti sáà iṣẹ́ fún àwọn ọmọ wọn; ẹni tó bá dé ibi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kẹrin kì í ṣe àlejò mọ́. Kò sí ẹni tó dí yín lọ́wọ́ láti ṣe irú rẹ̀ fúnra yín. Ẹ mú ọ̀gá kan nítòsí ilé yín láti ọdún kejì, kẹ́ ẹ máa lọ ní gbogbo ìsinmi, kí ọ̀gá náà lè máa retí yín. Ní 2022 nìkan, oṣù mẹ́jọ ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi da iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ju IT lọ! Mélòó nínú yín ló fi mọ ohun kan?

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ yé fi ọ̀rẹ́ yín ní báǹkì wá àyè IT fún ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, torí pé ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀, ọmọ á sì wọ táì.

Kí n tó kúrò lọ́jọ́ náà, mo bẹ ọ̀gá pé kí ó dá ṣáàfù wa tó ti jẹ padà sórí ẹ̀rọ, kí ọmọbìnrin náà máa bó o, kó sáà fi kọ́wọ́. Mo ní èmi ni n ó ra ọ̀bẹ tó bá ṣẹ́. Ó wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa. Ọ̀bẹ àkọ́kọ́ ṣẹ́ kí n tó mu omi inú ọ̀rá tí wọ́n fún mi tán. Ọmọ náà ya ẹnu sílẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Dádì." Mo ní kó máa ṣe é lọ. Ìkejì pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣẹ́, epo sì ti wà lára aṣọ rẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì mọ̀ pé owó ọ̀bẹ méjì wà nínú owó ṣáàfù rẹ̀.