Orúkọ Àwọn Ọlọ́lá Gẹ̀ẹ́sì: Níbo Ni Adùn Rẹ̀ Ti Wá?

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni orí rẹ̀ máa ń wú bí ó bá gbọ́ orúkọ àwọn ìdílé ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Percy, Beauchamp, Cholmondeley, tàbí orúkọ méjì tí a so pọ̀ di ọ̀kan. Ẹlòmíràn a máa fẹ́ kí wọ́n pe òun náà bẹ́ẹ̀, a sì máa tijú orúkọ tí bàbá rẹ̀ fún un. Kí a tó bá a wí, ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí adùn orúkọ wọ̀nyí ti wá.

1. Orúkọ àwọn aṣẹ́gun ni
Ní ọdún 1066, William, olórí àwọn ará Normandy ní ilẹ̀ Faransé, ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ó tó dé, Wulfstan, Godwin àti irú wọn ni àwọn ọmọ onílẹ̀ ń jẹ́. Àwọn aṣẹ́gun tí wọ́n gba ilẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ William, Robert àti Richard. Nígbà tí ó yá, ẹni tí a ṣẹ́gun bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọmọ rẹ̀ ní orúkọ ẹni tí ó ṣẹ́gun rẹ̀, títí ọ̀pọ̀ orúkọ àtijọ́ fi parẹ́. Percy tí a ń gbé gẹ̀gẹ̀ yìí, orúkọ abúlé kan ní Normandy ni. Ìdílé tí ó ti ibẹ̀ wá ni ó di onílẹ̀ ńlá ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni orúkọ náà bá di orúkọ iyì.

2. Ilẹ̀ àti ogún ni ó wà nínú rẹ̀
Bí o bá rí Cholmondeley nínú ìwé, báwo ni ìwọ yóò ṣe pè é? “Chumley” ni àwọn tí ó ni ín ń pè é. Beauchamp, “Beecham” ni. Ẹni tí kò bá dàgbà láàárín wọn yóò kọsẹ̀, wọn yóò sì mọ̀ pé àlejò ni. Orúkọ méjì tí a so pọ̀ ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ ogún ni. Bí ọlọ́rọ̀ kan kò bá ní ọmọkùnrin, a kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún pé ẹni tí yóò jogún ilẹ̀ òun gbọ́dọ̀ máa jẹ́ orúkọ òun.

3. Ipò ni ó ń gbé orúkọ ga
Orúkọ wo ni ó lọ́lá ju Windsor, orúkọ ilé ọba Gẹ̀ẹ́sì? Ṣùgbọ́n kí ó tó di ọdún 1917, orúkọ Jámánì ni ilé ọba náà ń jẹ́: Saxe-Coburg àti Gotha. Nígbà tí wọ́n ń bá Jámánì jagun, Ọba George Karùn-ún pa á tì, ó sì mú orúkọ ààfin rẹ̀ tí ó wà ní Windsor. Orúkọ yí padà, ọba kò kúrò lórí ìtẹ́. Ṣáájú ìgbà náà ni àwọn òṣìṣẹ́ lásán ti ń sọ ọmọ wọn ní Percy, Sidney àti Stanley. Orúkọ wọlé wọn, ilẹ̀ kò bá a wọlé.

4. Ìṣòro tòótọ́ wà níbẹ̀
Ní ọdún 2009, ìwádìí kan tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí a ṣe jáde. Wọ́n fi ìwé ìwáṣẹ́ tí ìmọ̀ àti ìrírí inú wọn dọ́gba ránṣẹ́. Orúkọ ni ó yàtọ̀. Ẹni tí ó jẹ́ orúkọ òyìnbó kọ ìwé 9 kí ó tó rí èsì rere kan. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ fi hàn pé Áfíríkà tàbí Éṣíà ni ìran rẹ̀ ti wá kọ 16. Nítorí náà, bí ọmọ wa kan ní London bá ń rò ó láti fi orúkọ rẹ̀ pamọ́, a kò gbọdọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ ìwé náà sílẹ̀ nítorí orúkọ ni ó jẹ̀bi, kì í ṣe bàbá tí ó sọ ọmọ lórúkọ.

5. Ẹ̀kọ́ wa
Barrah, tí ó túmọ̀ sí ẹni rere, ni Zaynab ọmọ Jahsh ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) yí i padà, kí orúkọ má baà di ohun tí ènìyàn fi ń yin ara rẹ̀. Ẹ tún wo Bilal. Ẹrú ni ní Mẹ́kà. Kò ní ilẹ̀, kò ní ìdílé ọlọ́lá. Ìgbàgbọ́ àti ìfaradà rẹ̀ ni ó mú kí àwọn òbí káàkiri ayé máa sọ ọmọ wọn ní Bilal títí dòní.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Raufu, Sikirat, ilé tìrẹ ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Ìwà rẹ àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni yóò fún orúkọ náà ní adùn.

Ìbéèrè fún ìjíròrò
1. Kí ni ìdí tí ẹni tí a ṣẹ́gun fi ń jẹ́ orúkọ ẹni tí ó ṣẹ́gun rẹ̀?
2. Ìmọ̀ràn wo ni a lè fún ọmọ wa tí kò rí iṣẹ́ nítorí orúkọ rẹ̀?
3. Ǹjẹ́ o mọ ìtumọ̀ orúkọ rẹ àti ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, béèrè nílé.