Nígbà Tí Omi Bá Wọ Fóònù

Ọdún 2001 ni fóònù GSM dé Nàìjíríà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí iṣẹ́ fóònù títúnṣe fi gbòde ní ilẹ̀ Yewa. Ní ìtòsí Pólì Ìlaròó, nínú ọjà Ayétòrò, títí dé ẹnubodè Ìdìrókò, ẹ ó rí àwọn oníṣẹ́ yìí: tábìlì kékeré, agboòrùn ńlá, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, àti áyọ́ọ̀nù tó ń rú èéfín. Bí òjò bá ti ń rọ̀, fóònù tí omi wọ̀ kì í wọ́n lórí tábìlì wọn.

Kí ni omi ń ṣe fún fóònù gan-an? Pátákó pẹlẹbẹ kan wà nínú fóònù tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní pánẹ́ẹ̀lì. Wọ́n fi bàbà tín-ín-rín la ọ̀nà sára rẹ̀, iná bátìrì sì ń gba ọ̀nà wọ̀nyí lọ síbi tí a rán an. Bí omi bá dà sórí pánẹ́ẹ̀lì, ó di afárá láàárín ọ̀nà méjì tí kò yẹ kó pàdé, iná á wá ya síbi tí a kò rán an. Omi tó mọ́ gaara kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé iná. Iyọ̀ àti ìdọ̀tí inú omi ló ń gbé e. Ìdí nìyẹn tí òógùn ara, omi ọbẹ̀ àti omi ọṣẹ fi burú ju omi òjò lọ. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá ṣì wà nínú fóònù, iná àti omi á jọ máa jẹ bàbà náà, títí ìdógùn-ún aláwọ̀ ewé yóò fi bo ojú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ pa fóònù. Ẹ wo ọlọ́kadà tí òjò ká mọ́ ojú ọ̀nà Ọjà-Ọ̀dàn. Fóònù inú àpò rẹ̀ ti rin gbingbin, ṣùgbọ́n ó ṣì ń tàn, ni ó bá ní, “Ọlọ́run ṣeun, kò ṣe é ní nǹkan kan.” Ó pe ìyàwó rẹ̀, ó pe oníbàárà, nígbà tó délé, ó ki ṣájà bọ̀ ọ́. Ṣájà yẹn ló parí ẹ̀. Ká ní ó ti pa fóònù náà lójú ọ̀nà, tó yọ bátìrì, síìmù àti mẹ́mórì, tó sì fi aṣọ gbígbẹ nù ún, bóyá owó díẹ̀ ni ì bá ná. Bí bátìrì fóònù yín kò bá ṣeé yọ, ẹ ṣáà pa á, kí ẹ má sì tàn án wò. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín.

Ìrẹsì ńkọ́? Lọ́dún 2024, ilé-iṣẹ́ Apple kọ ọ́ sínú ìtọ́ni rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ki iPhone tó tutù bọ inú àpò ìrẹsì, nítorí pé èérún rẹ̀ lè wọnú fóònù. Ìrẹsì kò sì lè fa omi tó ti sá pamọ́ sábẹ́ pánẹ́ẹ̀lì. Ẹ fi tiyín se oúnjẹ. Ẹ má sá fóònù sórí páànù nínú oòrùn pẹ̀lú, nítorí ooru ń ba bátìrì jẹ́.

Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ á tú fóònù náà, á yọ pánẹ́ẹ̀lì, á fi spírítì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ìdógùn-ún kúrò. Spírítì ń lé omi, òun fúnra rẹ̀ sì ń tètè gbẹ. Lẹ́yìn náà ni á fi mítà wá ibi tí iná ti ń ṣe ṣọ́ọ̀tì. Bí ọ̀nà bàbà kan bá ti jẹ tán, á fi wáyà tín-ín-rín àti lẹ́ẹ̀dì so ó padà. Àwọn kan ń fi bẹntiróòlù fọ pánẹ́ẹ̀lì. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná àti bẹntiróòlù lórí tábìlì kan náà! Ẹ gbé fóònù yín kúrò níbẹ̀.

Ẹni tó ń ta fóònù tòkunbọ̀ lè sọ pé omi kì í wọ èyí tó fẹ́ tà fún yín. Fóònù kan wà tí wọ́n kọ IP67 sí lára lóòótọ́: ó lè wà nínú omi tó jìn tó mítà 1 fún ìṣẹ́jú 30. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù tó dí etí rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Bí ẹnìkan bá ti tú u rí, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́.

Rédíò kékeré onímẹ́mórì tí àwọn àgbẹ̀ ń gbé lọ sóko kò yàtọ̀. Òógùn àti eruku ni ọ̀tá rẹ̀. Bí orin bá ń dún ní etí kan ṣoṣo, ẹ yá íàpíìsì ẹlòmíràn dán an wò kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Wáyà íàpíìsì sábà máa ń já nínú, nítòsí ẹnu rẹ̀. Bí bátìrì bá sì wú, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un: ó lè gbiná.

Kí ẹ tó fi fóònù sílẹ̀ lọ́dọ̀ oníṣẹ́, ẹ yọ síìmù yín, nítorí síìmù yẹn ni ilé ìfowópamọ́ fi mọ̀ yín. Nígbà tí fóònù yín ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ tẹ *#06#. Nọ́ńbà oní-díjíìtì 15 tó jáde jẹ́ ti fóònù yín nìkan, òun ni ẹ ó fi dá a mọ̀ lọ́dọ̀ oníṣẹ́. Ẹ dà á kọ síhìn-ín:

_______________________